Fọ́tò Maud Lewis Nínú Ilé Rẹ̀: Àwòrán, Awòran àti Owó Ìwòran

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde lónìí láti sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò, àti pé fọ́tò ọ̀hún kì í ṣe ti Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta, bí kò ṣe ti obìnrin aláwọ̀ funfun kan ní etíkun ìlà-oòrùn Kánádà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Àwáwí mi kò pọ̀. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí n máa wádìí bí a ti ń ro ìtàn ọmọ ènìyàn, ohun tí a ń sọ níbẹ̀ àti ohun tí a ń fò dá. Fọ́tò yìí sọ ìtàn kan fún mi, mo gbà á gbọ́, mo sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ìdajì ìtàn ni. Ìdajì tí ó kù ni mo wá san fún yín lónìí, nítorí gbèsè ni.

Ní oṣù Júláì ọdún 1965, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí ń jẹ́ Star Weekly, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Toronto, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí obìnrin ayàwòrán kan tí ń gbé ní Marshalltown, lẹ́bàá ìlú Digby, ní ìpínlẹ̀ Nova Scotia. Murray Barnard ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bob Brooks ni ó ya fọ́tò tí ó bá a rìn. Brooks jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ayafọ́tò tí kì í pe ènìyàn wá jókòó níwájú aṣọ títa nínú ilé iṣẹ́ wọn. Ilé onílé ni wọ́n ń tọ̀ lọ, etí omi, ojú pópó, ibi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ lọ́wọ́, kí àwòrán wọn lè jẹ́ ẹ̀rí bí ènìyàn ti ń gbé ayé rẹ̀. Obìnrin tí ó yà ni Maud Lewis. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Kánádà ti mọ ojú rẹ̀.

Maud Kathleen Dowley ni orúkọ tí wọ́n bí i mọ́. Abúlé South Ohio, lẹ́bàá ìlú Yarmouth, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 7 oṣù Máàṣì 1901, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1903 ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣe ìjánu àti ohun èlò awọ fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Láti kékeré ni làkúrègbé ti ń bá ọmọ náà jà: àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ sí àyà, èjìká rẹ̀ ká, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi dàgbà. Kò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó fi bí a ti ń kun káàdì Kérésìmesì hàn án, wọ́n sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àwọn òǹkọ̀wé a máa pe Maud ní ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Gbólóhùn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kò ní ìwé ẹ̀rí láti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọmọ àyàn ní ìlù? Ṣé a ó sọ pé ó kọ́ ara rẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó jókòó sí, tí kò sí ẹni tí ó fi lẹ́tà gbà á wọlé? Ìyá Maud kọ́ ọ. Ìyókù ni ọwọ́ tí kò sinmi fi kún un.

Bàbá kú ní 1935, ìyá kú ní 1937. Ogún bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Maud sì di ẹni tí ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan ìyá rẹ̀ kan ní Digby. Ní àkókò yìí ni ẹlẹ́ja kan tí ń kiri láti ilé dé ilé, Everett Lewis, ń wá obìnrin tí yóò máa bá a tọ́jú ilé. Maud lọ bá a. Wọ́n gbéyàwó ní ọjọ́ 16 oṣù Jánúárì 1938, ó sì wọ ilé tí kò tún fi sílẹ̀ lọ gbé ibòmíràn mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ilé náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Yàrá kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú àjà kékeré tí wọ́n ń gùn lọ sùn. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 13, ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 12. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní yàrá ìgbàlejò tí ó tóbi jù ú lọ. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Ààrò irin kan ni ó ń mú un móoru. Nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kí Maud lè ṣe iṣẹ́ ilé, Everett ń dáná, ó sì ń gbálẹ̀; Maud ń kun ọ̀dà. Ó kun òdòdó sí ilẹ̀kùn, ó kun ẹyẹ àti labalábá sí i pẹ̀lú. Ó kun ògiri, àtẹ̀gùn, àpótí búrẹ́dì, agolo, abọ́, àní ààrò irin fúnra rẹ̀. Gíláàsì ojú fèrèsé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òdòdó ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kí ó tó wọlé. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀dà ilé tí ó ṣẹ́ kù ni ó kọ́kọ́ ń lò, ó sì ń yàwòrán tí yóò tà sórí páálí líle àti pákó pẹlẹbẹ. Ológbò dúdú mẹ́ta, akọ màlúù méjì nínú àjàgà tí ìpéǹpéjú wọn gùn bí ti omidan, ọkọ̀ ní èbúté, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lórí yìnyín: ohun tí ó rí ní èwe ni ó ń yà léraléra. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé ohun gbogbo ni ó wà nínú àwòrán rẹ̀ àfi òjìji. Fíìmù kan tí àjọ onífíìmù ìjọba Kánádà ṣe nípa rẹ̀ ní 1976 fi àìní òjìji yìí ṣe àkọlé.

Inú ilé yìí àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Brooks ti ya fọ́tò. Maud jókòó sí igun rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì pẹlẹbẹ kékeré wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti ká kò di búrọ́ọ̀ṣì mú. Tàbí kí ó dúró níta, kí ó gbé àwòrán kan lọ́wọ́, kí òdòdó ara ilé máa tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí ẹni tí ó bá rí i kì í gbàgbé. Òun ni mo gé láti inú ìwé kan tí mo sì lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹni tí a tọ́ dàgbà láàrin àwa Yorùbá yóò mọ ìdí rẹ̀. Ní èwe mi, ọjọ́ ọdún ni a ń lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Aṣọ tí ó dára jù ni a ó wọ̀. Ẹni tí kò ní aago ọwọ́ a yá a. A ó jókòó tààrà, a ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, a kò ní rẹ́rìn-ín lásán. Kò sí ìyá àgbà kan tí yóò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Èrò mi nígbà náà ni pé wọ́n ká obìnrin yìí mọ́ ibi tí kò ti múra.

Ó pẹ́ kí ojú mi tó là. Maud múra. Ilé ni ó wọ ẹ̀wù fún. Fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí Brooks tó kan ilẹ̀kùn ni ó ti ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tí ó ń fi ara rẹ̀ hàn fún ẹni tí ń kọjá lójú títì. Fọ́tò tí a ń yìn jẹ́ fọ́tò àwòrán kan tí ẹni tí a yà ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ láti ronú lórí èyí. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà wa, Babátúndé Lawal pàápàá, ti ṣàlàyé pé àwòrán wá láti inú à-wò-rántí, ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ẹ yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀, ẹ ó rí awòran, ẹni tí ń wo ìran. Fọ́tò Brooks jẹ́ àwòrán: ó ń rán wa létí Maud. Ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo wa di awòran pẹ̀lú, awòran kì í sì í sábà bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni tí òun ń wò rí gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Mo ń sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò náà nínú kíláàsì, mo ń pe ẹ̀rín yẹn ní ẹ̀rín ẹni tí òṣì kò lè bà lọ́kàn jẹ́, mo sì rò pé mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tí ń tajà nìyí. Bí ìyá mi ṣe ń wo oníbàárà tí kò tíì nájà nìyẹn." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tún ìwé yẹ̀ wò.

Òótọ́ ni ó sọ. Pátákó kan wà níta ilé Maud tí ó sọ fún àwọn tí ń wa mọ́tò kọjá pé àwòrán wà fún títà. Káàdì ni ó kọ́kọ́ ń tà, Everett ń gbé e kiri pẹ̀lú ẹja, sẹ́ǹtì 25 ni ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni àwòrán orí páálí dé, dọ́là méjì, dọ́là mẹ́ta, àti dọ́là márùn-ún ní ìgbẹ̀yìn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan tó tó mẹ́wàá. Nígbà tí ilé ìjọba Amẹ́ríkà lábẹ́ Ààrẹ Nixon béèrè fún àwòrán méjì, ìtàn tí ó gbilẹ̀ ni pé ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Wọ́n a máa sọ èyí bí àwàdà, bí ẹni pé ìyá àgbà ará oko kò mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀. Èmi kò rí àwàdà níbẹ̀. Ẹni tí ń tajà kò ní láti mọ orúkọ oyè oníbàárà kí ó tó gba owó rẹ̀.

Èyí rán mi létí obìnrin mìíràn, aláwọ̀ dúdú, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Clementine Hunter ṣiṣẹ́ nínú oko òwú àti nínú ilé ìdáná ní oko ńlá Melrose, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà tí àlejò kan gbàgbé sílẹ̀ yàwòrán. Òun náà kọ pátákó sí ẹnu ọ̀nà ahéré rẹ̀. Ohun tí ó kọ ni pé Clementine Hunter, ayàwòrán, ni ó ń gbé ibẹ̀, àti pé sẹ́ǹtì 25 ni owó ìwòran. Ìwòran nìkan ni o. Bí o bá fẹ́ ra nǹkan, ìyẹn yàtọ̀. Ní 1955, nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí rẹ̀, òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kò jẹ́ kí ó bá àwọn aláwọ̀ funfun wọlé lọ wò ó. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ti pa ni wọ́n mú un gba ẹ̀yìn wọlé. Ó mọ iye tí ìwòran tó, nítorí pé wọ́n ti fi í du òun fúnra rẹ̀. Láàrin gbogbo ohun tí mo ti kà nípa iṣẹ́ ọnà, n kò rí ìwé kan tí ó sọ ọ̀rọ̀ awòran yé mi bí pátákó yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Marshalltown. Kí ni fọ́tò Brooks kò sọ? Èkíní, ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Maud tí kì í sí nínú àwọn fọ́tò tí a mọ̀ jù: ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kó àwọn tálákà, àwọn arúgbó aláìlẹ́nìkan àti àwọn tí orí wọn dàrú sí. Everett gbé ibẹ̀ ní ọmọdé. Nígbà tí ó dàgbà, ó di ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ lóru. Ní 1963 ni wọ́n tó tì í pa, ọdún méjì péré kí fọ́tò náà tó jáde. Tí a bá mọ èyí, òdòdó ara ilẹ̀kùn yẹn kò ní jọ ti ilé ìtàn àwọn ọmọdé mọ́. Obìnrin aláàbọ̀ ara kan tí kò ní òbí, tí kò ní ogún, wà ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ lọ. Ọ̀dà ni ó fi sàmì sí i pé òun ní ilé tirẹ̀.

Èkejì, Maud bí ọmọbìnrin kan ní 1928, kí ó tó mọ Everett. Wọ́n gbé ọmọ náà fún ẹlòmíràn tọ́. Ìyá àti ọmọ kò di ọ̀kan mọ́ láyé. Ẹ wo ẹ̀rín náà pẹ̀lú ọdún yẹn lọ́kàn yín.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó. Lẹ́yìn àpilẹ̀kọ 1965, àti ètò tí tẹlifíṣọ̀n CBC ṣe nípa rẹ̀ lọ́dún kan náà, lẹ́tà àwọn tí ó fẹ́ ra àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Okìkí pọ̀ sí i, ìka ọwọ́ kò pọ̀ sí i. Maud ń kùn láti òwúrọ̀ nínú yàrá tí èéfín igi àti òórùn ọ̀dà kún, Everett sì ń ràn án lọ́wọ́. Owó wọlé, ṣùgbọ́n iná kò wọlé, omi kò wọlé. Everett ni ó ń tọ́jú owó, ó sì ń fi í pamọ́. Ayàwòrán kan ní Ontario, John Kinnear, fi ọ̀dà àti pákó tí ó dára ránṣẹ́ sí i; inúure ni, a kò lè gbà á gbé. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Digby ní ọjọ́ 30 oṣù Júláì 1970. Everett dá gbé ilé náà títí di 1979, nígbà tí olè wọlé wá bá a tí ó sì pa á.

Ẹni kan lè bi mí pé: ṣé kí Brooks ya òṣì nìkan ni? Rárá. N kò bá Brooks jà. Fọ́tò rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ojú Maud parun. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn tí a wé mọ́ fọ́tò náà kúrú ju ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Oríkì wa mọ ọ̀nà mìíràn. Akéwì tí ó mọ iṣẹ́ yóò ki akọni ní akọni, kò sì ní fo gbèsè tí ó jẹ dá, tàbí ilé tí ó tú, tàbí àlébù ara rẹ̀. Ẹni tí a ń kì yóò mi orí, yóò sì yọ owó síta, nítorí pé òun pátá ni wọ́n pè, wọn kò pe ààbọ̀ rẹ̀. Irú ìkì bẹ́ẹ̀ ni Maud kò rí gbà ní 1965. Ó dùn mọ́ mi pé ọmọ agbègbè rẹ̀ kan, Lance Woolaver, gbìyànjú rẹ̀. Ní 1996 ó kọ ìwé kan pẹ̀lú fọ́tò Brooks, ìwé tí ìmọ́lẹ̀ kún. Ní 2016 ó tún kọ òmíràn, ó sì kó ohun tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́ sí i: ọmọ, owó, ilé àwọn tálákà. Ogún ọdún ni ó gbà á. Èmi tí mo ń jókòó sí ọ́fíìsì kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó pẹ́.

Ní oṣù Méè 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwòrán Maud, ti ọkọ̀ akẹ́rù dúdú kan, ní gbàǹjo ní 350,000 dọ́là Kánádà. Kinnear yẹn kan náà ni ó ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan ní Ontario: búrẹ́dì tí a fi wàràkàṣì sí láàrin tí a sì yan. Ẹni tí ó yà á ti wà nínú ilẹ̀ fún bí ọdún méjìléláàádọ́ta.

Ilé náà kò sí ní Marshalltown mọ́. Lẹ́yìn ikú Everett, òjò àti ọ̀rinrin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́; àwọn ará àdúgbò kóra jọ láti gbà á là, ìjọba ìpínlẹ̀ rà á ní 1984, wọ́n sì fi í lé ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Nova Scotia lọ́wọ́. Láti 1998 ni ó ti wà nínú ilé ńlá yẹn ní Halifax lẹ́yìn àtúnṣe, ilé nínú ilé. Lórí ilẹ̀ tí ó ti kúrò, wọ́n fi irin gbé férémù kan ró tí ó tó ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́, òfìfo ni inú rẹ̀. Ní Halifax, àwọn awòran ń yí ilé kékeré náà po, wọ́n ń yọjú wo ààrò irin, àtẹ̀gùn àti igun ẹ̀bá fèrèsé tí ó máa ń jókòó sí. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ san owó lẹ́nu ọ̀nà.

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì mi. Mo tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo kọ 1928 sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì tún un lẹ̀.